Bí Ojú Ọmọ Bá Ń Tàn Funfun

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n ní Lagbé àti ní gbogbo agbègbè Ìfọ̀nyìn, ọ̀rọ̀ ojú ọmọdé ni a mú wá lónìí. Àrùn ńlá ni, ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè rí àmì rẹ̀ kí dókítà tó rí i.

Kí ni àmì náà? Bí ẹ bá fi fóònù ya fọ́tò ọmọ ní alẹ́, tí iná rẹ̀ kọ lù ú lójú, ọmọlójú méjèèjì a sábà máa pọ́n. Bí ọ̀kan bá pọ́n tí èkejì sì funfun bí ojú ológbò nínú òkùnkùn, ẹ má ṣe pa fọ́tò náà rẹ́. Àmì kejì ni kí ojú kan máa wo ọ̀kánkán, kí èkejì máa wo ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe gbogbo irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó ní àrùn búburú, ṣùgbọ́n dókítà tí ó ní irinṣẹ́ láti wo inú ẹyinjú nìkan ni ó lè sọ.

Èyí tí a ń bẹ̀rù ni jẹjẹrẹ inú ojú tí àwọn dókítà ń pè ní rétinoblastome. Awọ tín-ín-rín tí ó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀, ni kókó rẹ̀ ti ń hù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó sábà máa ń mú. Kì í ṣe ayé ló ṣe é, kì í sì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà oyún. Nígbà mìíràn a máa ti ara òbí wá. Nítorí náà, bí òbí kan bá ti ní in rí ní kékeré, kí ó jẹ́ kí a yẹ ojú gbogbo ọmọ rẹ̀ wò láti ìgbà ìbí.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kókó yìí. Nígbà tí ó ṣì kéré, dókítà lè fi ìtànṣán léésà jó o, tàbí kí ó fi òtútù líle pa á láti ìta ẹyinjú, láì yọ ojú. Ní New York ní ọdún 2006, Dókítà Abramson àti Dókítà Gobin bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn tí àwọn dókítà ilẹ̀ Japan ti là ṣáájú wọn. Wọn a ki rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìpìlẹ̀ itan, wọn a tì í lọ títí dé iṣan tí ń bọ́ ojú, wọn a sì da oògùn síbẹ̀ gan-an. Nítòsí wa, ní Bàmákò, láti ọdún 2011 ni àwọn dókítà ibẹ̀ àti ti Institut Curie ní Páríìsì ti jọ ń ṣiṣẹ́ kí a lè tètè mọ àrùn yìí, kí a sì tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kékeré wọ̀nyí, ẹni tí ó tètè dé ni wọ́n wà fún. Ní ọdún 2017, a ka ọmọ 4,351 tí wọ́n ní àrùn yìí ní orílẹ̀-èdè 153. Ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, nǹkan bí oṣù 14 ni ọmọ ti pé nígbà tí a mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ òtòṣì, ó lé ní oṣù 30. Nínú ọmọ 100 ní ilẹ̀ òtòṣì, àrùn ti kúrò lójú nǹkan bí 19, ó ti tàn dé ibòmíràn nínú ara. Ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, kò tó 1.

Níbo ni oṣù wọ̀nyí ń lọ? Nínú agboolé wa ni. Ìyá rí i, wọ́n ní kí bàbá ti Èkó dé. Bàbá dé, ó ní kí a bi àgbà ilé. Àgbà ilé ní kí a kọ́kọ́ kán omi ewé sí i. Nígbà tí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, kókó ti kún ojú, dókítà sì ní ojú náà gbọ́dọ̀ jáde. Bàbá bá gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ o. Ojú tí kókó ti kún kò ríran mọ́. Ẹ̀mí ọmọ ni dókítà ń wá. Bí a bá fi í sílẹ̀, àrùn yóò gba ẹ̀yìn ojú wọ inú ọpọlọ. Ọmọ olójú kan lè kàwé, ó lè kọ́ṣẹ́, ó lè fẹ́ aya tàbí kí ó lọ́kọ, a sì lè fi ojú àtọwọ́dá sí i. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ gún ojú náà, nítorí ó lè tú àrùn ká.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ mú ọmọ àti fọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ náà gan-an, bí àpẹẹrẹ ní CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, ẹ sọ fún àwọn ará ìjọ. Ẹ má ṣe fi ìtìjú dúró sílé. Ìyá tí bàbá ọmọ rẹ̀ kò sí nílé, kí ó gbéra. Bàbá yóò bá wọn lọ́nà.