Èèrà Kì í Ṣèèṣì Wọlé

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti rin, àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè sì ti gba ilé ìdáná. Bí omi bá ti ń wọ inú ihò èèrà, ilé wa tó gbẹ ni wọ́n ń sá wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ èèrà ni a ó jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí: bí a ṣe lè lé e jáde láìfi májèlé ṣe ara wa ní jàǹbá.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ń bá jà. Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Èèrà ni wíwẹ́ tó ń tò bí ìlà lọ sídìí ṣúgà. Tanpẹ́pẹ́ ni èyí tó ń ta ni bí abẹ́rẹ́. Ìkamùdù ni dúdú ńlá tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé fara dà. Ìjàlọ ni ọmọ ogun tó ń rìn ní ọ̀wọ́, tí í lé adìyẹ kúrò nínú àgọ́ lóru. Ikán ní tirẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe èèrà. Ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé aáyán ló bá a tan. Mo ń sọ èyí nítorí pé oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Èèrà wíwẹ́ inú ilé ni mo ń bá wí lónìí. N ó fẹnu ba ìjàlọ kí n tó dákẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lé e

Èèrà kì í ṣèèṣì wọlé. Amí ló ń kọ́kọ́ wọlé, yóò sì máa wá kiri. Bí ó bá rí oúnjẹ, yóò padà sí ihò, yóò sì máa fi ìdí kan ilẹ̀ bí ó ti ń lọ, tí yóò máa fi òórùn kan tí imú ènìyàn kò lè gbọ́ sàmì sí ojú ọ̀nà. Òórùn yìí ni àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Gbogbo èyí tó bá sì rí oúnjẹ gbé, bí ó ti ń padà bọ̀ ni yóò máa fi òórùn tirẹ̀ kún un, títí ọ̀nà tóóró náà yóò fi di títì márosẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi ìka tẹ èèrà pa lórí tábìlì fi ń ṣe wàhálà lásán. Ó pa arìnrìn-àjò, ó fi ọ̀nà sílẹ̀; yèyé wọn sì wà nínú ihò, ó ń yé ẹyin nìṣó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí a bá fara balẹ̀ wo èèrà, a ó rí ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Nínú ilé tí mo háyà ní Ìbàdàn, ihò wáyà iná tó wà lẹ́yìn fíríìjì ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n ń gba abẹ́ etí tábìlì kọjá kí ojú má baà tó wọn, wọ́n sì ń parí ìrìn àjò wọn sí ẹnu agolo mílíìkì kan tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa. Kí n tó ra ohunkóhun, mo ti mọ ibi mẹ́ta tí iṣẹ́ wà.

Ohun tí kò yẹ kí ó kan ilẹ̀ tí ọmọ ń rá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, wà lọ́dọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Ọmọ náà ń rá káàkiri ilé, ohunkóhun tó bá sì he nílẹ̀, ẹnu ló ń fi í sí. Nígbà tí aládùúgbò wa kan gbọ́ pé èèrà ń yọ wá lẹ́nu, ó fi inú rere gbé ìgò òtapíàpíà kan wá. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìgò, ó wo ọmọ, ó ní, “Ohun tí a kò lè fi sẹ́nu, a kò gbọdọ̀ dà á sílẹ̀ tí ọmọ ń rá.” A dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò náà, a sì dá ìgò rẹ̀ padà. Gbólóhùn yẹn ni mo fi ṣe òdiwọ̀n gbogbo ohun tí n ó sọ nísàlẹ̀.

Òdiwọ̀n náà kò le jù. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ara ló ń bà jẹ́, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan kòkòrò àti iṣan ọmọ ènìyàn. Ó lè gba ẹnu wọlé, ó lè gba imú, ó sì lè gba awọ ara. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títà á nínú ìgò kékeré mìlílítà 100.

Káfúrà náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ló ń jù ú sí kọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù nítorí èèrà àti aáyán, tí wọ́n tún ń fi í sáàárín aṣọ ìkókó. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kò ní èròjà kan tó pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD. Irú wọn pọ̀ láàárín wa ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káfúrà símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa túká, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí osùn ìyeyè; bí ibà pọ́njú náà bá le jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́ títí ayé. Èèrà kò tó ohun tí a ń san irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí.

Ohun mìíràn tún wà. Irú èèrà wíwẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti oyin, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní èèrà Fáráò, ní ju yèyé kan lọ nínú agbo rẹ̀. Bí a bá fín oògùn sí wọn, agbo náà a fọ́. Yèyé kọ̀ọ̀kan a kó àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ tẹ ibùdó tuntun dó síbòmíràn nínú ilé kan náà. Ẹni tó ní ìlú èèrà kan tẹ́lẹ̀ a wá ní mẹ́ta.

Ohun ilé tó ń ṣiṣẹ́

Ìkíní, ẹ pa ọ̀nà wọn rẹ́. Omi àti ọṣẹ ni olórí gbogbo oògùn èèrà. Ẹ fi aṣọ tí a rì bọ inú omi ọṣẹ nu gbogbo ojú ọ̀nà náà, láti ìdí oúnjẹ títí dé ẹnu ihò, kí òórùn àmì wọn lè parẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọtí kíkan àti omi ní ìlàjì-ìlàjì, kí ẹ fi tún un nù. Bí kò bá sí ọtí kíkan, omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò ṣe é. Ìkìlọ̀ méjì rèé. Ẹ má fi ọtí kíkan tàbí omi ọsàn nu ilẹ̀ mábù tàbí tẹrásò, nítorí wọn yóò jẹ ojú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe po èyíkéyìí nínú wọn mọ́ jíìkì láéláé: èéfín tí yóò jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìkejì, ẹ dí ihò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèrà. Onílé lè po símẹ́ńtì. Àwa ayálégbé lè fi ọṣẹ ìfọṣọ tó ti rọ̀ tàbí àbẹ́là tó yọ́ dí ojú ihò kéékèèké lára ògiri àti fèrèsé. Ihò tí wáyà iná bá gbà kọjá nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè sí i.

Ìkẹta, ẹ fi omi yí oúnjẹ ká. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni, kò sì tíì gbó. Ẹ gbé àwo ọbẹ̀ tàbí ìkòkò oyin sínú ọpọ́n tó ní omi. Bí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ yín bá ní ẹsẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo omi, kí ẹ sì fà á kúrò lára ògiri, nítorí ògiri ni afárá. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú omi náà. Èèrà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè léfòó lójú omi lásán, ṣùgbọ́n omi ọṣẹ kì í gbé e dúró. Ẹ máa dà á nù ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí eruku má baà bo ojú rẹ̀, kí ẹ̀fọn má sì fi í ṣe ilé: láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin inú omi ti lè di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ìkẹrin, ẹ lo òórùn tí wọn kò fẹ́. Kànáfùrù mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́nu ihò, tàbí èèpo ọsàn tútù tí a fi ra etí fèrèsé, a máa jẹ́ kí wọ́n yà. Òróró wà nínú èèpo ọsàn tó lè pa èèrà tó bá kàn án gan-an. Ṣùgbọ́n òórùn kì í pẹ́ lọ títí. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ gbé kànáfùrù síbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó, kí ó má baà há a lọ́fun. Ní ti ata gígún, kò yẹ níbi tí ọmọ ń rá: ọwọ́ tó kan ata yóò kan ojú.

Ìkarùn-ún, eérú. Ìta ló wà fún. Eérú igi tó gbẹ, tí a wọ́n yí ìpìlẹ̀ ilé ká, a máa lẹ̀ mọ́ èèrà lára, a sì máa bo ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí òjò bá ti pa á, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn; à á tún un wọ́n.

Ẹ óò rí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ń pa yèyé nínú ihò. Òótọ́ ni. Ohun tí a ń wá ni pé kí amí wọlé, kí ó má rí nǹkan kan, kí ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ìlú tí kò bá sí ọjà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ń la ọ̀nà lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí èèrà ń jẹ́

Nígbà mìíràn, kì í ṣe agolo mílíìkì ni èèrà ń lọ bá. Bí ẹ bá rí wọn lemọ́lemọ́ níbi tí ẹnìkan nínú ilé ń tọ̀ sí, ẹ má kàn fi omi ṣàn án kí ẹ sì gbàgbé. Ṣúgà lè wà nínú ìtọ̀ náà. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ti kíyè sí i pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan ń fa èèrà, wọ́n sì pe àìsàn náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí ìtọ̀ oyin. Àtọ̀gbẹ ni àwa ń pè é. Nínú orúkọ tiwa náà, ìtọ̀ ni a tọ́ka sí. Èèrà kì í ṣe dókítà: pé ó wá kò fi dandan túmọ̀ sí àìsàn, pé kò wá kò sì fi hàn pé ara le. Ṣùgbọ́n bàbá tàbí ìyá tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò náà kì í gba àkókò.

Ìjàlọ ló kù. Bí ìjàlọ bá wọlé, ẹ má dúró jà. Ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà aláìsàn àti arúgbó tí kò lè dìde, lẹ́yìn náà ẹran ọ̀sìn tó wà lórí ìso. Ẹ bọ́ síta, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Wọn kì í bá ni gbé. Bí wọ́n bá jẹ aáyán àti kòkòrò inú ilé tán, wọn yóò bá ọ̀nà wọn lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ díẹ̀ ni mo fi lé yín lọ́wọ́. Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ nu orí tábìlì, ẹ dé agolo, ẹ fọ ìgò oúnjẹ ọmọ, ẹ gbé pàǹtí síta. Bí ẹ bá sì rí èèrà kan ṣoṣo tó ń rìn kiri lórí ògiri lówùúrọ̀, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Amí ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.