Wọ́n Fi Ọ̀dà Bo Ibi Tó Sán

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ìparí. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì bàbá mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ máṣíìnì nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí á rántí pé mo sọ ọ́ pé a fẹ́ tún Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣe. Ọdún 1982 ni wọ́n rà á, nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà. Òun ni wọ́n fi ń gbé ìyá mi lọ sọ́jà. Òun náà ni wọ́n fi gbé èmi lọ sí ilé ìwé girama lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àpótí mi wà lórí táǹkì níwájú wọn, èmi wà lẹ́yìn, mo di aṣọ wọn mú gbọin-gbọin. Ọdún kẹwàá tí wọ́n sùn nínú Olúwa ló ń bọ̀ yìí. Èmi àti àwọn àbúrò mi wá dá ₦180,000 jọ, pé kí máṣíìnì náà dún lọ́jọ́ ìrántí, kí ìyá wa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó gbé e fún arákùnrin kan nínú ìjọ tó máa ń lọ bẹ àwọn aláìsàn wò káàkiri Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò.

Mẹkáníìkì wa ní Ìkọ̀tún gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó rí èéfín tó ń tú jáde, ó ní, "Dádì, ríìngì ti jẹ, ó ṣeé ṣe kí písítìn náà ti lọ." A ti retí ìyẹn. Nígbà tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, a rí i pé inú ihò tí písítìn ń gbà lọ gbà bọ̀ ti há, bí ìgbà tí èékánná bá ya ara. Fífẹ̀ ihò yẹn láti ilé-iṣẹ́ wá jẹ́ mílímítà 56.5. Tó bá ti jẹ, wọ́n á fá a kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á wá ra písítìn tó fi ìdá mẹ́rin mílímítà tàbí ààbọ̀ mílímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó tá a dá jọ ká ìyẹn. Mo lọ sílé, mo sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹta ló pè mí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fojú yín rí i. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù."

Mo débẹ̀. Ó ti fi bẹntiróò fọ kéèsì, ìyẹn ilé irin tí gbogbo ohun inú ẹ́ńjìnnì ń gbé. Lápá ibi tí ṣéènì ti ń yí níwájú, ọ̀dà dúdú kan wà tó nípọn ju ti ibòmíì lọ. Ó fi ẹnu súkúrú-dáráfà tọ́ ọ, ọ̀dà náà ṣí bí èèpá. Gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n máa ń pò pọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ gọ́ọ̀mù, ẹ̀yin ará, kéèsì sán, ó gùn tó ìka àárín mi.

Ó ṣàlàyé fún mi bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún á jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀ láìfà á le. Lọ́jọ́ kan ṣéènì á já, á kó jọ sídìí ehín irin iwájú, á fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì gbá kéèsì. Alumíníọ̀mù kì í ṣe irin dúdú, tí wọ́n bá gbá a, ó máa sán. Ẹnì kan wá rí i, dípò kó sọ ọ́, ó pò gọ́ọ̀mù, ó fi ọ̀dà bò ó, ó gbowó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò mọ ẹni náà, mi ò sì wá a. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù yẹn ò mú ọ́ìlì dúró. Nǹkan bíi lítà kan péré ni ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà. Tó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó, ibi tó kù ò ní pẹ́ jóná. Nígbà tó fọwọ́ mi kọ́n-rọ́ọ̀dù lórí kíránkì, ó ń mì pẹkẹ-pẹkẹ bí ehín ọmọ ọdún méje. Ṣé ẹ rí i? Ibi tó sán ni wọ́n bò, kíránkì ló san gbèsè rẹ̀.

Owó tuntun tó bí jẹ́ ₦145,000. Ọjọ́ ìrántí sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo fẹ́ sọ ìmọ̀ràn mẹ́ta táwọn èèyàn fún mi lọ́sẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Àkọ́kọ́, màmá àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé ọ̀tá ilé bàbá ni kò fẹ́ kí máṣíìnì náà dún. Ẹ máa bínú o, ẹ̀yin ìyá mi. Mo gbà pé ọ̀tá wà. Mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣéènì tó dẹ̀, ẹni tí kò fà á le la máa bi, kì í ṣe àjẹ́. Ọdún 1976 ni Honda gbé CG125 jáde, wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́nà tó rọrùn, pẹ̀lú ọ̀pá irin tó ń ti fáàfù dípò ṣéènì kékeré inú, torí wọ́n mọ̀ pé níbi tó pọ̀ tí wọ́n ti máa lò ó, àwọn èèyàn ò ní fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísùúrù ni. Síbẹ̀ sùúrù rẹ̀ ní ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni oore-ọ̀fẹ́. Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Róòmù sọ ọ́ ní orí kẹfà: oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa ṣe bó ṣe wù wá.

Èkejì, aládùúgbò kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ pò gọ́ọ̀mù mìíràn sí i jàre. Ọjọ́ ìrántí lásán ni, ta ló máa dojú bolẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò?" Kí n má purọ́ fún yín, ìmọ̀ràn yẹn wọ̀ mí létí. Mo ti ṣèlérí lórí pẹpẹ, mo ti sọ fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó bá ń jò níbẹ̀, ara ṣéènì àti táyà ẹ̀yìn ló ń lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì gan lójijì lórí eré, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi. Ẹ rò ó wò, lójú ọ̀nà LASU sí Ìbá, láàárín tírélà. Ẹni tó bá ti débi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn Gẹ́nẹ́rà Àlímọ̀ṣọ́ ní Ìgandò kò nílò kí n ṣàlàyé. Arákùnrin tí mo fẹ́ fún ní máṣíìnì náà ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ṣé kí n fi ẹ̀bùn pa á?

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ẹnì kan ní òun lè bá mi wá kéèsì tòkunbọ̀, kò wọ́n. Mo ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ń kọ́, torí ara kéèsì gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí? Ó ní ìyẹn ò le, àwọn kan wà tó máa fá ti tòkunbọ̀ kúrò, tí wọ́n á tẹ nọ́ńbà ti bàbá mi sórí rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ayédèrú nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni níwájú Ọlọ́run, ọ̀daràn ni lójú òfin. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá dá arákùnrin yẹn dúró, òun ni yóò wọ àtìmọ́lé. Kò burú kéèyàn pààrọ̀ kéèsì, tó bá ní rìsíìtì lọ́wọ́, tó sì lọ tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kí nọ́ńbà tuntun wà níbẹ̀. Fífi nọ́ńbà òkú sórí alààyè ló burú.

Kí la wá ṣe? Mo pe àwọn àbúrò mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ọ̀kan bínú, ó ní mo yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó gbowó lọ́wọ́ àwọn. Ó tọ̀nà. Nínú Lúùkù orí 14, Jésù sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Èmi tí mo ti wàásù rẹ̀ láìmọye ìgbà, ohun tí mo lè rí nìkan ni mo ṣírò. Mo tọrọ àforíjì. Mo dìde nínú ìjọ lọ́jọ́ Sunday, mo ní máṣíìnì ò ní dún lọ́jọ́ ìrántí.

Nígbà tó di ti ìyá mi, àyà mi já. Wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá yín náà ò ní gùn ún bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un ṣe dáadáa."

Torí náà a jó kéèsì bàbá mi gan-an, kí nọ́ńbà rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Wọ́n tú gbogbo nǹkan inú rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí ọ́ìlì fi tán lára rẹ̀, torí ọ́ìlì máa ń ba ojú ìjó jẹ́. Wọ́n lu ihò kékeré sí ìdí méjèèjì ibi tó sán, kó má baà máa ya lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, wẹ́dà tó ń lo gáàsì argon wá jó o. Ẹ kíyè sí i o: kí ó tó lè san, wọ́n ní láti ṣí i ju bá a ṣe bá a lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ojú rẹ̀ lé gíláàsì láti mọ̀ bóyá iná ti mú kó wọ́. Wọ́n wá da kẹrosíìnì sínú rẹ̀, wọ́n gbé e lé páálí gbígbẹ mọ́jú. Ní àárọ̀, páálí ṣì gbẹ. Mo kígbe Halelúyà nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì!

Bí ẹ bá fẹ́ tún máṣíìnì àtijọ́ ṣe, ẹ má fi gbogbo owó yín sí ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta pamọ́ fún ohun tó wà nínú. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé. Ibi tí ọ̀dà bá ti tuntun ju ara tó kù lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Tí mẹkáníìkì bá sì sọ òtítọ́ tó máa ná yín lówó, ẹ má bú u. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò pọ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, tẹ́ ẹ mọ genotype yín tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ torí a ti tẹ ìwé ìpè, ọ̀dà lẹ ń kùn yẹn. Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ jẹ gbèsè tí ìyàwó ò mọ̀, ẹ̀yin akápò ìjọ tí àkọsílẹ̀ yín ò pé, ọ́ìlì ti ń jò. Ìtìjú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sàn ju òkú lọ. Ẹ ṣí i nígbà tó ṣì ṣeé jó.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti fi hàn án, kó sì fún wa ní owó àti ọwọ́ tí a ó fi tún un ṣe, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń pò gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ báyìí, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i. Kíránkì kù. Tó bá ti dún, ẹ ó gbọ́.