Ẹ Má Fi Ìfaradà Ṣe Bàtà fún Wa Mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fọ́tò níta gbangba nílùú Ọba lásìkò òtútù, ẹ sún mọ́ bí. Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo bá wá, ó sì máa gùn díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń kó ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn gan-an ni mò ń bá wí, ẹ má sáré kọjá.

Gbogbo wa la mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń rí. Oṣù kìíní ni, tọkọtaya fẹ́ ya pre-wedding, wọ́n ti rí ibì kan lórí Instagram: Peak District, àbí etí omi Loch Lomond. Aṣọ òkè ti dé láti Ìsẹ́yìn, gèlè ti dúró. Oníkámẹ́rà àti ọmọ tó ń bá a gbé iná á wá dúró sójú kan lórí koríko tútù fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n ń retí kí ojú ọ̀run là. Ìyàwó ṣì ń rìn, ó ń jó, ó ń sá wọnú mọ́tò kí ara ẹ̀ lè móoru. Ẹni tó gbé iná ò lè lọ síbì kankan. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú.

Tó bá wá sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń sọ fún un? "Fara dà á." "Ṣé ìwọ nìkan ni òtútù ń mú ni?" "Tó o bá pẹ́ díẹ̀ sí i nílùú yìí, á mọ́ ẹ lára." Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́ mi níbí tiẹ̀ ní kí n máa fò sókè kí ẹsẹ̀ mi lè móoru. Mo fò títí. Iná tí mo gbé dání náà ń bá mi fò, fọ́tò ò dáa mọ́, ló bá tún bínú.

Ẹ jẹ́ ká yẹ "á mọ́ ẹ lára" yẹn wò dáadáa. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009 lórí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú inú wọn, ọmọ Áfíríkà àti Caribbean, ń gba ọgbẹ́ òtútù ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Èyí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́dún 2003 náà sọ bẹ́ẹ̀: ti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ ogun ni wọ́n o! Kò sí ọ̀gá oníkámẹ́rà tó lè kọ́ wọn ní ìfaradà. Ìwádìí tí wọ́n ti ki ẹsẹ̀ èèyàn bọ omi tútù sì jẹ́ ká mọ ohun tó ń fà á: òpójẹ̀ ìka ẹsẹ̀ tiwa máa ń fún pọ̀ gan-an, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tú, ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè padà síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo.

Ẹlòmíì á ní, "Ibí kì í kúkú ṣe Canada, yìnyín ò tiẹ̀ sí nílẹ̀." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọgbẹ́ òtútù tí mò ń sọ yìí ò nílò yìnyín rárá. Ilẹ̀ tó tutù tó tún rin, láti ìwọ̀n 0 títí dé bíi 15 lórí Celsius, kí ẹsẹ̀ wà nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìrìn, ó ti tán. Ìyẹn ni pé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta nílùú yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ìgbà òtútù 1914 sí 1915, nǹkan bí 20,000 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìtọ́jú nítorí ẹsẹ̀ tí ẹrẹ̀ inú kòtò bà jẹ́. Nígbà tí ojú àwọn ọ̀gá wọn là, wọ́n sọ ọ́ di òfin pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa fi òróró àbùùbùtán pa ẹsẹ̀. Wọn ò ní kí wọ́n máa fò.

Ó yá, ó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fídíò "búùtù wíńtà tó bá aṣọ mu." Búùtù onírun àgùntàn tó rọ̀ múlọ́múlọ́ yẹn, ó dáa fún ọjà. Tó bá kan koríko tútù, kànìnkànìn ni. Èyí tí wọ́n kọ water-resistant sí lára, ẹ gbé e kalẹ̀. Ó lè gba òjò winniwinni, ẹrẹ̀ ò sí nínú àdéhùn ẹ̀. Waterproof lẹ̀ ń wá.

Àmọ́ waterproof nìkan ò tó, ibí yìí ni wọ́n ti máa ń mú wa. Kí omi má wọlé, ọ̀tọ̀ ni. Kí ooru má jáde, ọ̀tọ̀ ni. Gore-Tex tí wọ́n kọ sára ẹ̀, omi ló ń lé. Ó tín-ín-rín, ihò ara ẹ̀ kéré débi pé omi ò lè gbabẹ̀ wọlé, àmọ́ ooru òógùn lè gbabẹ̀ jáde. Bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè nígbà oòrùn náà ní Gore-Tex. Ohun tó ń gbé ooru dúró ni èyí tí wọ́n tẹ́ sínú, irú bíi Thinsulate, iye gíráàmù ẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ máa wò: 200, 400, 800. 200 dáa fún ẹni tó ń rìn. Àwa kì í rìn! Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 400. (Ẹ̀yin ará Minnesota, 800 lọ sókè, tiyín le.)

Ọdẹ kan ní Maine, l'Amẹ́ríkà, ti jẹ ìyà yìí rí. Leon Leonwood Bean, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń rin, ó máa ń tutù tó bá lọ sígbó. Nígbà tó di 1912, ó ní kí wọ́n rán awọ mọ́ orí ìsàlẹ̀ bàtà rọ́bà. Nínú 100 tó kọ́kọ́ tà, 90 ló padà wá torí pé ojú ìrán ń ya. Ó dá owó olówó padà, ó tún un ṣe. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí pé iṣẹ́ ọdẹ àti tiwa jọra: dúró jẹ́ẹ́, má mira, máa retí. Rọ́bà nísàlẹ̀, awọ lókè, nǹkan tó nípọn nínú tó ṣe é yọ sá, mi ò tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ fún ẹrẹ̀. Búùtù òjò lásán ò wọlé o. Omi ò ní wọ̀ ọ́, àmọ́ á tutù bí inú fíríìjì.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ara wọn: àwọn ìyá wa ló ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fún bàtà pa, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Òwú tún máa ń mu òógùn, ó máa gbé e mọ́ ẹsẹ̀. Ẹyọ kan tó nípọn, tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, ti tó. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ fi wọn bàtà, kí ìka ẹsẹ̀ lè ráyè mira nínú ẹ̀. Kí òmíì wà nínú báàgì kámẹ́rà. Ẹ mú páálí dání náà, kẹ́ ẹ máa dúró lé e lórí, torí ilẹ̀ gan-an ló ń fa ooru yín jáde láti ìsàlẹ̀.

"Ó wọ́n." Mo gbọ́. Léǹsì tó wà lọ́wọ́ yín, ṣé kò lé ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́nhùn? Búùtù gidi ò ju bí 150 lọ. A máa ń ki bátìrì bọ àpò àyà kí òtútù má bàa mu agbára ẹ̀, ọmọ èèyàn wá ń fi kánfáàsì dúró nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀gá tó bá máa mú ọmọ iṣẹ́ lọ sínú pápá lóṣù kejì, kó ṣírò bàtà mọ́ owó iṣẹ́, bó ṣe ń ṣírò epo mọ́tò. Tí kò bá lè ṣe é, kó ya fọ́tò nínú ilé.

Tí ẹsẹ̀ bá sì ti kú, ẹ má gbé e ka hítà, ẹ má kì í bọ omi gbígbóná. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, á sì jó yín. Bàtà tútù àti ìbọ̀sẹ̀ tútù kúrò, ẹ wọ gbígbẹ, kó máa móoru díẹ̀díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì tó ṣì ń ta yín, tó ń jó yín, tàbí tẹ́ ò mọ nǹkan lára níbẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ sọ fún un pé inú òtútù lẹ wà, ẹ sọ iye wákàtí, torí ẹsẹ̀ tó pọ́n lọ́pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n sí, tiwa lè má pọ́n rárá.

Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta onígíráàmù 400 ní nọ́ńbà 13, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbé iná báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú omi, ọjọ́ Sátidé la sì ń lọ sí Glasgow.