Ta Ló Mọ Iye Tí Iṣu Ń Lọ ní Bódìjà?

Alájàpá tó wá kó iṣu ní Ṣakí ti mọ iye tó ń lọ ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Ìyá oníṣu ò mọ̀. Ibẹ̀ lèrè rẹ̀ ń gbà lọ!

Ní Gánà, TradeNet tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, tó wá di Esoko, ń fi iye owó ọjà ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ yan akọ̀wé kan lọ́jà kọ̀ọ̀kan, kó máa fi iye owó ránṣẹ́ síra wọn láràárọ̀. Iye owó nìkan ni o! Orúkọ oníbàárà àti gbèsè ẹni, inú ìwé olówó ni kó wà. Òfin 2023 dáàbò bo irú ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.