Ẹja Inú Omi Àgbo

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja odò tiwa. Walleye ni wọ́n ń pè é, àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹja odò àti adágún wọn lọ. Ẹran rẹ̀ funfun, kì í rùn, kò sì léegun wẹẹrẹ púpọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń gbé ní Minneapolis tàbí Chicago, ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò tó lọ pẹja ní òpin ọ̀sẹ̀ gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn wọn. Mùsùlùmí obìnrin tó ń ṣọ́ra nípa ẹran tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún a sì tètè gbà á, nítorí ẹja kò ní wàhálà pé ta ló dú u. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé epo kaná, ó yẹ kí ó mọ irú omi tí ẹja náà ti jáde.

Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lẹ́bàá ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Hayward, ni adágún ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Chippewa Flowage. Kì í ṣe adágún àtayébáyé. Ní ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan sé Odò Chippewa, tí omi sì kún bo igbó, àbàtà àti àwọn adágún kéékèèké tó wà nítòsí, títí gbogbo rẹ̀ fi di omi kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 15,300. Ewé, èèpo igi àti koríko tó ti ń jẹrà nínú àbàtà láti ìgbà láéláé ni òjò ń sẹ́ wọ inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń se egbò igi nínú ìkòkò. Nítorí náà omi náà pọ́n, ó rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó rí bí àgbo tàbí bí tíì tí a kò bu mílíìkì sí. Kò dọ̀tí o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ju owó fàdákà sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ kò fi ní rí i mọ́.

Ohun ìyanu kan tún wà níbẹ̀. Àwọn apá kan nínú àbàtà tí omi bò já kúrò nísàlẹ̀, wọ́n sì léfòó bí erékùṣù, tàwọn ti igi tó dúró lórí wọn. Bí atẹ́gùn bá gbé èyí tó tóbi jù nínú wọn dí ẹnu afárá, gbogbo ará àdúgbò á kó ọkọ̀ ojú omi wọn jáde, wọn á fi imú ọkọ̀ tì í, wọn á sì jùmọ̀ taari rẹ̀ lọ sápá ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é.

Mi ò gbọdọ̀ fò ó pé omi yìí bo ilé onílé mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ojibwe, ti Lac Courte Oreilles, ní abúlé kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Pahquahwong. Wọn kò fọwọ́ sí ìsédò náà. Ní 1921 ni ìjọba fún ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ àádọ́ta ọdún, omi sì gba abúlé, ó gba ìrẹsì inú omi tí wọ́n ń kórè lọ́dọọdún, ó sì bo ọ̀pọ̀ sàréè tí wọn kò kó òkú inú rẹ̀ kúrò. Nígbà tí àádọ́ta ọdún pé ní 1971, àwọn ọmọ Ojibwe lọ dúró sórí ìsédò náà láti fi ìbínú wọn hàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí àwọn náà ni ọ̀rọ̀ ẹja yìí kàn jù.

Wàyí o, ojú ẹja yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ojú náà tóbi, ó funfun bí dígí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé afọ́jú ni. Lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti ológbò, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ ti tó o láti ríran. Nínú omi tó mọ́ gaara, oòrùn ọ̀sán a máa yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì máa ń sá wọ ibú títí alẹ́ á fi lẹ́. Nínú omi àgbo, àwọ̀ omi náà ni agboòrùn rẹ̀. Ó lè wá jẹun nítòsí èbúté lọ́sàn-án gangan, níbi tí omi kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lọ, nígbà tí àwọn ẹja kéékèèké tó ń pa jẹ kò ríran dáadáa. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn ni ojú rẹ̀ mọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà fi ń so ìdẹ aláwọ̀ wúrà tàbí aláwọ̀ ọsàn mọ́ ìwọ̀. Aláwọ̀ aró á kàn ṣókùnkùn níbẹ̀ ni.

Ìgbà ìrúwé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn jù. Bí yìnyín bá ti ń yọ́ kúrò lójú omi ní oṣù kẹrin, omi tó dúdú a máa tètè gba oòrùn, àwọn ibi tí kò jìn á sì kọ́kọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tí ooru omi bá dé ìwọ̀n 6 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn akọ á kọ́kọ́ wá síbi òkúta wẹ́wẹ́, àwọn abo á tẹ̀ lé wọn lóru. Abo tó wọn kìlógíráàmù kan lè yé ẹyin tó ju 50,000 lọ. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í sì í dúró ti ẹyin rẹ̀. Ó kàn dà á sáàárín òkúta, ó bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà òfin Wisconsin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwọ̀ pa á lákòókò yẹn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣí omi, ọjọ́ náà sì dà bí ọjọ́ ọdún fún wọn: baba, ìyá, ọmọ, gbogbo wọn á ti wà lórí omi kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn.

Ti àwọn Ojibwe yàtọ̀. Láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń fi iná ògùṣọ̀ wá ẹja yìí lóru ìgbà ìrúwé, tí ojú rẹ̀ á máa tàn yanran nínú omi, tí wọn á sì fi ọ̀kọ̀ gún un. Àwọn Faransé tó rí iná wọn ló sọ àdúgbò kan níbẹ̀ ní Lac du Flambeau, ìyẹn adágún ògùṣọ̀. Nínú àdéhùn 1837 àti 1842 tí wọ́n fi yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn, wọ́n di ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹja pípa mú, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ náà ń mú wọn bí wọ́n bá lò ó. Ní oṣù kìíní 1983, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé ẹ̀tọ́ náà ṣì wà. Àwọn kan kò gbà. Títí di 1991 ni wọ́n ń pé jọ sí èbúté lálaalẹ́ nígbà ìrúwé, wọ́n ń bú wọn, wọ́n sì ń sọ òkúta lù wọ́n, tobìnrin tọmọdé. Àwọn Ojibwe kò torí rẹ̀ ṣíwọ́. Ẹja tí wọ́n ń gún, akọ tí kò tóbi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn sì dára fún ìdí tí ẹ ó gbọ́ láìpẹ́.

Ìgbà ooru kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹja náà á tú ká sí ẹ̀gbẹ́ koríko, ìdí kùkùté igi tí omi ti bò, àti abẹ́ àbàtà tó ń léfòó. Eṣúṣú àti ekòló ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́. Nígbà ìwọ́wé omi á tún tutù, abo á sì máa jẹun kíkankíkan nítorí ẹyin ọdún tó ń bọ̀. Nígbà òtútù, omi á dì, wọn á rìn lórí yìnyín, wọn á lu ihò, wọn á sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà, títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta tí wọ́n á tún ti omi pa. Èmi kò lè bá wọn ṣe ìyẹn!

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa obìnrin gbọ̀ngbọ̀n. Omi àgbo tó ṣíji bo ẹja yìí gbé nǹkan mìíràn pamọ́. Mẹ́kúrì ni, irin olómi tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ ìwọn ooru ara láyé ọjọ́sí, tí wọ́n sì ń po irú rẹ̀ kan mọ́ àwọn ọṣẹ ìbóra kan. Nígbà tí wọ́n bá ń sun èédú ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, mẹ́kúrì á bá èéfín gòkè, á sì bá òjò sọ̀kalẹ̀ sórí adágún àti àbàtà. Nínú àbàtà àti ilẹ̀ tí omi ìsédò bò, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di oríṣi kan tó máa ń wọ inú ẹran ara. Kòkòrò omi á jẹ ẹ́, ẹja wẹẹrẹ á jẹ kòkòrò, walleye á jẹ ẹja wẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i. Èyí tó tóbi tó sì gbó ló ní i jù. Bíbó awọ, yíyọ ọ̀rá, dídín, yíyan, kò sí ọ̀kan tó ń mú un kúrò, nítorí inú ẹran gan-an ló wà.

Láti ara ìyá, ó ń gba ibi ọmọ kọjá sí ọpọlọ ọmọ inú, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣọṣẹ́: ọmọ lè pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ lè ṣòro fún un, kí ìyá má sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Ó tún máa ń gbé inú ara fún ìgbà pípẹ́. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, nítorí náà kí oyún tó dé ni ìṣọ́ra ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Grassy Narrows ní Kánádà, níbi tí àwọn Ojibwe mìíràn ń gbé, ó burú ju báyìí lọ. Láàárín 1962 sí 1970, ilé iṣẹ́ bébà kan lókè odò da mẹ́kúrì tó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 9 sínú omi. Walleye ni oúnjẹ wọn, òun náà ni wọ́n ń tà. Ní 1970 ìjọba ní kí wọ́n má tà á mọ́, iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, àìsàn sì wà lára wọn. Ti Chippewa Flowage kò rí bẹ́ẹ̀, ti òjò ni tiwọn, ó sì kéré sí i gan-an. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ kan tí àwọn Ojibwe dá sílẹ̀ ní 1984 láti máa bójú tó ẹja àti ẹran igbó wọn máa ń ya àwòrán àwọn adágún, wọ́n á kùn wọ́n lóríṣiríṣi àwọ̀ kí ìyá lè mọ èyí tí walleye rẹ̀ ṣeé jẹ lẹ́ẹ̀mélòó kan lóṣù.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera Wisconsin sọ nípa ọ̀pọ̀ adágún ìpínlẹ̀ wọn ni pé kí obìnrin tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, àti ọmọ tí kò tíì pé 15, jẹ walleye lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bluegill, àti perch, wọ́n lè jẹ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọn kò sọ pé kí aboyún sá fún ẹja, nítorí ọpọlọ ọmọ náà ń fẹ́ ọ̀rá rere tó wà nínú rẹ̀. Bí aládùúgbò bá gbé e wá, kí ọmọ yín dúpẹ́, kí ó sì béèrè omi tí ó ti pa á àti bí ó ti gùn tó. Bí wọ́n bá gbé ńlá àti kékeré síwájú rẹ̀, kí ó mú kékeré. Ó tilẹ̀ dùn jù. Ti baba àgbà, àti ti ìyá àgbà tí ìbímọ ti kọjá lára rẹ̀, wọ́n lè jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì bá aboyún ilé gba gbòǹgbò èyí tó bá ṣẹ́kù.