Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: CSS Reset àti Ojú-Ewé Yorùbá

Oríta ni Ojú Ẹlẹ́gbà ní Sùúrùlérè. Ojúbọ Ẹlẹ́gbà, ìyẹn Èṣù tí ó ni oríta, ni ó bí orúkọ náà. Níbẹ̀ ni ará Muṣin, ará Yábàá àti èrò Sítédíọ̀mù ti ń pàdé, oníkálukú pẹ̀lú ìṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú-ewé ayélujára rí. Chrome, Firefox àti Safari ní ń gbé e fún òǹkàwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní àṣà tirẹ̀ lórí ìwọ̀n lẹ́tà àti àlàfo.

Èyí ni ó bí CSS reset, fáìlì tí ń mú gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Eric Meyer gbé tirẹ̀ jáde ní 2007. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó gbá ire pọ̀ mọ́ ibi: àkọlé kò tóbi ju ìpínrọ̀ lọ mọ́, àmì iwájú àtòkọ pòórá, gíga ìlà sì di 1 péré. Lẹ́yìn náà ni Nicolas Gallagher àti Jonathan Neal ṣe normalize.css, tí ń tún ibi ìyàtọ̀ nìkan ṣe, tí ó sì ń fi èyí tí ó dára sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú èyí? Ó kàn án gidigidi. Èdè Yorùbá ń gbé àmì sókè, ó ń gbé àmì sísàlẹ̀. Bí gíga ìlà bá jẹ́ 1, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àmì ohùn ìlà tí ó tẹ̀ lé e. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe dá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ mọ̀ lójú fóònù kékeré? Kódà, 1.15 tí ó wà nínú normalize.css kò tó. Ó kéré tán, 1.5 ni ó yẹ.

Àwọn kan ní àwọn aṣàwákiri òde òní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà kò sí ìdí fún reset mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fáìlì náà fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ẹni tí ó bá gbé odindi Bootstrap wọlé nítorí ìpìlẹ̀ lásán ń ná dátà akẹ́kọ̀ọ́ dànù.

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò pa ẹ̀ka-èdè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú run. Ìpìlẹ̀ àjùmọ̀lò ni ó tẹ́ fún ìwé kíkọ. Irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ ojú-ewé Yorùbá. Nítorí náà, kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá tí ó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí ayélujára má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kí olùkọ́ fún un ní ìpínrọ̀ kan tí ó kún fún àmì, kí wọ́n sì jọ kà á lórí fóònù kí iṣẹ́ tó jáde.