Príńtà Kò Kú, Wọ́n Pa Á Ni: Ẹ̀sùn Mẹ́fà Láti Barking àti Dagenham

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025, Microsoft dẹ́kun títọ́jú Windows 10. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Barking àti Dagenham, ní ìlà oòrùn London, ti há sáàárín ọ̀nà méjì. Bí wọ́n bá dúró sórí Windows 10, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ fún wọn mọ́ láìgba nǹkan. Bí wọ́n bá bọ́ sórí Windows 11, ó ṣeé ṣe kí skánà, príńtà tàbí ẹ̀rọ ìsanwó inú ṣọ́ọ̀bù wọn dákẹ́.

Dráífà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí yóò ṣe pàṣẹ fún ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn. Bí Windows bá yí padà, tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kò kọ dráífà tuntun, ẹ̀rọ a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ iná ń tàn lára rẹ̀, ìǹkì kún inú rẹ̀, kò sì sí ibi kankan tó ti já. Ẹ̀yà 64-bit nìkan ni Windows 11 ní. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé dráífà 32-bit ti àtijọ́ nìkan ni wọ́n kọ fún un kò lè bá a ṣiṣẹ́ láéláé.

Nínú ẹjọ́ tí a pè yìí, àwọn ará agbègbè wa ni olùpẹ̀jọ́. Àdúgbò òṣìṣẹ́ ni. Láàárín 1921 sí 1935 ni wọ́n kọ́ àdúgbò Becontree níbí fún àwọn ìdílé tó ń kúrò nínú ilé tóóró ní East End, Ford sì ṣílé iṣẹ́ sí Dagenham ní 1931. Ìkànìyàn 2021 fi hàn pé kò sí àgbègbè káńsù mìíràn ní England àti Wales tí ìdá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 pọ̀ tó tiwa. Nínú ilé tí ọmọ pọ̀ sí, láptọ́ọ̀pù kan ni gbogbo ọmọ ń dù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tọrọ owó ìrànwọ́ ìjọba, Universal Credit. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni eVisa tó rọ́pò káàdì ìgbéèlú wà. Ẹni tó ń bá àwọn ará wa ṣe ìwé owó orí, ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ìgbéyàwó, akọ̀wé ìjọ tó ń tẹ ìwé ọjọ́ Ìsinmi, kò sí èyí tó lè ṣe é láìsí príńtà.

Àwọn tí a pè lẹ́jọ́ jẹ́ oríṣi méjì: àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, àti àwọn tó ń ṣe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. A ò bá wọn jà pé ẹ̀rọ ń gbó, nítorí kò sóhun tí kì í gbó. Ohun tí a bá wọn jà sí ni pé wọ́n kọ ẹ̀rọ wa sílẹ̀, síbẹ̀ wọn ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ṣe bí ẹni tó talé tán, tó gbowó, tó sì kó kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ẹ̀SÙN KÌÍNÍ: WỌ́N TAJÀ, WỌN Ò SỌ ỌJỌ́ TÍ YÓÒ PARÍ

Lára páálí príńtà, wọ́n á kọ iye ojú ewé tó ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á kọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Ẹ ò ní rí i níbẹ̀ pé ọdún báyìí ni àwọn yóò fi máa kọ dráífà fún un.

Òfin ilẹ̀ yìí kò tíì mú wọn dáadáa. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, 2024 pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ta ohun èlò tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kéde iye àkókò tí wọn yóò fi máa fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́. Ó dára, àmọ́ ó yọ láptọ́ọ̀pù àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀, kò sì fi dandan lé e pé kí ẹ̀rọ kankan máa bá Windows tuntun ṣiṣẹ́. Òfin àtúnṣe ohun èlò ti 2021 mú ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Kò kan príńtà.

Ẹni tó mọ̀ pé ọjà òun ní ọjọ́ tí yóò parí, tó sì fi pamọ́ fún ẹni tó ń rà á, ẹ̀tàn ló fi tà á.

Ẹ̀SÙN KEJÌ: WỌ́N Ń TÌ Í SÍ ARA WỌN LỌ́RÙN

Pe ẹni tó ṣe skánà, yóò ní Windows ló yí padà. Pe ẹni tó ṣe Windows, yóò ní kí o lọ bi ẹni tó ṣe skánà. Àwọn méjèèjì ti gbowó lọ́wọ́ rẹ, o ò sì rí ẹnì kan dì mú.

Ìgbà Windows Vista ni àṣírí wọn tú jù. Nígbà tó bọ́ sọ́jà ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, 2007, ọ̀pọ̀ príńtà, skánà àti káàdì ìró ni kò bá a ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní Seattle, àwọn lẹ́tà inú ilé iṣẹ́ náà sì di ohun tí gbogbo ayé kà ní 2008. Àkọsílẹ̀ Microsoft fúnra rẹ̀ sọ pé nínú ìgbà tí Vista dákú ní sáà kan ní 2007, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ pé dráífà Nvidia ló fà á. Òṣìṣẹ́ Microsoft kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí èrè ilé iṣẹ́ Intel ni àwọn ṣe dẹ ìlànà, tí kọ̀ǹpútà tí kò lè gbé gbogbo iṣẹ́ Vista fi gba àmì pé ó kúnjú ìwọ̀n. Mike Nash, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ ní Microsoft nígbà náà, ráhùn pé láptọ́ọ̀pù $2,100 tí òun rà kò wúlò ju kíka lẹ́tà lọ.

Bí ẹni tó ń jẹun nínú ilé bá ń ké báyìí, ta ni yóò gbọ́ igbe ẹni tó ra tirẹ̀ ní Heathway, Dagenham? Ní 2009, adájọ́ tú ẹgbẹ́ olùpẹ̀jọ́ ká, ó ní kí olúkúlùkù lọ pe ẹjọ́ tirẹ̀. Ta ló lágbára láti dá gbé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí láptọ́ọ̀pù kan?

Ẹ̀SÙN KẸTA: WỌN Ò TÚN UN ṢE, WỌN Ò JẸ́ KÍ ẸLÒMÍRÀN TÚN UN ṢE

Èyí ni ẹ̀sùn tó wúwo jù lójú wa. Ní oṣù Kẹta, 2008, Creative, àwọn tó ń ṣe káàdì ìró Sound Blaster, kọ̀wé ní gbangba sí ọmọ Brazil kan tó ń jẹ́ Daniel_K lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin yìí ti tún àwọn dráífà wọn ṣe, tí káàdì tó ń ṣe ségesège lórí Vista fi ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Dípò kí wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kó jáwọ́. Ariwo àwọn oníbàárà ló mú kí wọ́n dẹwọ́.

Ìwà náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Richard Stallman ní MIT fẹ́ tún ètò tó ń darí príńtà Xerox kan ṣe. Ó lọ bá ẹni tí ètò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni yẹn kọ̀, ó ní òun ti ṣèlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ìbínú ọjọ́ náà wà lára ohun tó bí GNU, iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lómìnira láti tún ṣe, tí Stallman kéde ní oṣù Kẹsàn-án, 1983, èyí tí àwọn tó ń lo Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows, ń jàǹfààní rẹ̀ títí dòní.

Ẹlẹ́rìí wa ni Hamrick Software. Ilé iṣẹ́ kékeré ni, síbẹ̀ ètò VueScan tí wọ́n kọ ń mú irú skánà tó lé ní 7,000 ṣiṣẹ́, títí kan ọ̀pọ̀ tí àwọn tó ṣe wọ́n ti gbàgbé. Bí ilé iṣẹ́ kékeré bá lè tú àṣírí ẹ̀rọ ẹlòmíràn kó sì kọ dráífà fún un, kí ni ẹni tó ni ẹ̀rọ, tí ìwé ìlànà rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀, yóò wí?

Ẹ̀SÙN KẸRIN: WỌ́N FI ÀTÚNṢE BA OHUN TÓ Ń ṢIṢẸ́ JẸ́

Ní oṣù Kẹwàá, 2014, FTDI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip inú okùn USB, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Glasgow, gba inú àtúnṣe Windows fi dráífà kan ránṣẹ́. Bí dráífà náà bá bá chip tó fara jọ tiwọn pàdé lára okùn USB, yóò pa nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ rẹ́, okùn náà kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Òótọ́ ni pé ayédèrú chip ń jà wọ́n lólè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra okùn náà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun ni wọ́n sì fìyà jẹ. Ìbínú aráyé ló mú kí wọ́n kó o kúrò.

Prolific ní Taiwan, tó ń ṣe irú chip bẹ́ẹ̀, ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Okùn tó ní chip PL2303HXA, títí kan ojúlówó tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe, ni dráífà tuntun wọn ń kọ̀. Orí Windows 11 ni wọn yóò ti kọ ọ́ síwájú rẹ pé ó ti kúrò lọ́jà láti 2012, kí o lọ bá ẹni tó tà á fún ọ. Irú okùn yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù fi ń so òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ ìsanwó mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ní oṣù Kẹwàá, 2020, HP fagi lé ìwé ẹ̀rí tó wà lórí dráífà tirẹ̀ fún kọ̀ǹpútà Mac. Príńtà tó tẹ̀wé lánàá kọ̀ láti tẹ̀wé lónìí, kọ̀ǹpútà sì ń kìlọ̀ bí ẹni pé olè wọlé. HP ní àṣìṣe ni. Àtúnṣe Windows ti oṣù Kẹwàá, 2025 yọ dráífà modẹ́ẹ̀mù Agere kúrò nítorí ihò ààbò tó wà nínú rẹ̀, Microsoft fúnra rẹ̀ sì sọ pé ẹ̀rọ fáàsì tó gbára lé e kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Dídí ihò tọ́. Kí wọ́n yọ ọ́ láìfi òmíràn rọ́pò ni kò tọ́.

Ẹ̀SÙN KARÙN-ÚN: WỌ́N TÌ WÁ SẸ́NU EWU

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá Windows tuntun ṣiṣẹ́ yóò dúró sórí ti àtijọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dúró dè é.

Ìlà oòrùn London mọ èyí dáadáa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, 2017, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry jà, ó mú Barts Health, tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn Newham àti Whipps Cross tó múlé gbè wá. Ọ́fíìsì tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, National Audit Office, sọ pé ó kéré tán 80 nínú 236 àjọ ilé ìwòsàn NHS ní England ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Windows 7 tí wọn kò fi àtúnṣe sí ló pọ̀ jù nínú èyí tó kó àrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àyẹ̀wò ara 1,220 náà kó o, ìròyìn náà sì ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀rọ bí i MRI wà tó jẹ́ pé Windows XP ni wọ́n kọ́ sínú wọn, tí ilé ìwòsàn kò sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, nítorí ọwọ́ ẹni tó tà á ni àtúnṣe wà. Microsoft ti kọ XP sílẹ̀ láti oṣù Kẹrin, 2014.

Bí ilé ìwòsàn ìjọba bá há báyìí, ẹ ro ti ilé tiwa. Àwọn ará Yúróòpù gba àfikún ìtọ́jú Windows 10 fún ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà wọn jà fún un. Àwa níbí, wọ́n ní àfi ká san owó $30, tàbí ká kó ètò orí kọ̀ǹpútà wa sọ́dọ̀ Microsoft, tàbí ká ná àmì ẹ̀bùn wọn.

Ẹ̀SÙN KẸFÀ: WỌ́N FI ÈKÓ ṢE ÀÀTÀN

Ohun tí kò ní dráífà mọ́ ní Dagenham kì í pẹ́ di tòkunbọ̀. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ní Nàìjíríà ni wọ́n ń kó o sí, lábẹ́ ìjókòó àti nínú búùtù. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ Basel ní Ìbàdàn ṣe fi hàn pé ní 2015 àti 2016, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ohun èlò oníná ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún, pé èyí tó pọ̀ jù wá nínú ọkọ̀, pé ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kò ṣiṣẹ́, àti pé Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí wà níwájú nínú àwọn tó ń kó wọn wá.

Àwọn ọmọ wa ní ọjà Computer Village, Ìkẹjà, mọṣẹ́. Àmọ́ dráífà tí kò sí ní Barking kò sí ní Ìkẹjà. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n dá Windows àtijọ́ padà sórí rẹ̀, kí wọ́n ta ewu fún ẹlòmíràn. Èyí tí kò bá gbọ́, iná ni wọ́n ń dá sí i láti yọ bàbà inú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa tó ń kó ohun tí wọn kò dán wò sínú kọ̀ńténà jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, a ò gbọ́dọ̀ bò wọ́n láṣìírí: òfin Nàìjíríà ti 2011 kò fàyè gba kíkó ìdọ̀tí ẹ̀rọ wọlé.

ÀWÍJÀRE WỌN

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu wọn.

Wọ́n ní ààbò ni, pé dráífà àtijọ́ ni olè ń gbà wọlé. Òótọ́ ni. Ní 2021, ilé iṣẹ́ SentinelOne rí ihò kan nínú dráífà príńtà HP, Samsung àti Xerox, ihò náà sì ti wà níbẹ̀ láti 2005. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí dá wọn lẹ́bi ju bó ṣe gbè wọ́n lọ. Ọdún 16 ni ihò náà fi wà nínú ohun tí àwọn nìkan láṣẹ láti wò.

Wọ́n tún ní owó ńlá ni kíkọ dráífà fún ẹ̀rọ tí wọn ò tà mọ́. A gbà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ ọ́ títí ayé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáwọ́, kí wọ́n gbé ìwé ìlànà rẹ̀ síta, kí ẹni tó bá lè kọ ọ́ kọ ọ́. Ìyẹn kò gba owó ńlá.

ÌDÁJỌ́

A dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ìjìyà tí a béèrè rọrùn: kí òfin mú wọn kọ ọjọ́ ìparí ìtọ́jú sára páálí, kí ó sì mú wọn tú ìlànà dráífà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Barking àti Dagenham ní Westminster, ẹ gbé e dìde. Káńsù wa, tí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ fún Barking Learning Centre àti Dagenham Library, ẹ má buwọ́ lùwé rírà kankan tí ọjọ́ yẹn kò bá sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì gbé e jù nù. Ẹ dán Linux wò lórí láptọ́ọ̀pù tí Windows 11 kọ̀, ẹ dán VueScan wò fún skánà. Tí ẹ bá fẹ́ ra príńtà tuntun, ẹ béèrè èyí tó ní AirPrint tàbí IPP Everywhere, nítorí irú wọn kò nílò dráífà àkànṣe. Èyí tó bá kú pátápátá, ẹ gbé e lọ sí ibùdó àtúnlò káńsù ní Frizlands Lane, Dagenham. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí Èkó.